Eruku Ni, Kì í Ṣe Òjò

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Ọ̀pẹ, ìyá ẹlẹ́lùbọ́ tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti sá gbodo sórí àpáta fún ọjọ́ mẹ́ta. Ojú ọ̀run ṣú, oòrùn funfun bí àwo tánganran, ilé tó wà lápá òkè ò hàn dáadáa.

"Bàbá Ojú-ọjọ́, ẹ wo bó ṣe ṣú. Ṣé kí n kó gbodo mi wọlé ni?"

"Ẹ fi sílẹ̀, Màmá. Òjò kọ́ nìyẹn. Eruku ni."

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo aláwàdà. Mi ò bá a wí. Ẹni tó bá rí ojú ọ̀run tó ṣú, òjò náà ló máa rò. Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ kí n máa ka tẹmómítà láràárọ̀, ó pẹ́ kí ó tó yé mi.

Omi ni àwọsánmà. Afẹ́fẹ́ tó gbóná máa ń gbé ọ̀rinrin tí ojú ò lè rí láti ilẹ̀ lọ sókè. Bó ṣe ń gòkè ló ń tutù, nǹkan bíi 1°C fún 100 mítà. Tó bá tutù dé àyè kan, kò ní lè gba gbogbo ọ̀rinrin yẹn mọ́ra mọ́, omi á wá lẹ̀ mọ́ ohunkóhun tó bá rí: eruku, èéfín, iyọ̀ tó fò láti ojú òkun. Àwọn ẹ̀kán tín-ín-tìn-ìn-tín yẹn la ń wò lókè. Ó tó bíi mílíọ̀nù kan wọn tó máa para pọ̀ kí ẹ̀kán òjò kan ṣoṣo tó jáde, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ àwọsánmà fi ń kọjá lọ láìrọ̀.

Ẹ lè fi ọwọ́ ara yín dán an wò. Ẹ ra píọ̀wọ́tà tútù kan ní Tákíé nínú oṣù Ògún. Kí ẹ tó já a lẹ́nu, ara ọ̀rá ti tutù rinrin, omi ti ń kán sí yín lẹ́sẹ̀. Ọ̀rá ò jò o. Inú afẹ́fẹ́ ni omi yẹn ti wá. Ẹ padà lọ ra òmíràn nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, nígbà tí ọyẹ́ bá mú gan-an. Omi inú rẹ̀ tutù bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọ̀rá gbẹ. Kò sí ọ̀rinrin tó máa lẹ̀ mọ́ ọn. Bó ṣe rí fún ọ̀rá yẹn náà ló rí fún ojú ọ̀run wa.

Níbi iṣẹ́ wa, tẹmómítà méjì la fi ń wọn èyí. Ọ̀kan wà bẹ́ẹ̀, a fi aṣọ tútù wé ìdí èkejì. Bí omi aṣọ bá ń gbẹ, ó ń gbé ooru lọ, èyí tó wọ aṣọ á sì rẹlẹ̀ ju ẹnì kejì rẹ̀. Nígbà òjò, àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Lọ́sàn-án ọyẹ́, ìyàtọ̀ àárín wọn a máa ju 10°C lọ. Mo ti bá aṣọ náà ní gbígbẹ táútáú rí, àfi kí n tún bu omi sí i. Ètè yín náà kò yàtọ̀ sí aṣọ yẹn. Ẹ máa fi òrí pa á.

Aṣálẹ̀ Sàhárà ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá. Púpọ̀ nínú eruku rẹ̀ ń wá láti Bodélé ní Chad, ilẹ̀ tí adágún ńlá kan gbẹ sí láyé àtijọ́. Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé eruku tí àwọsánmà nílò, ìgbà yìí gan-an ló pọ̀. Omi tó yẹ kó lẹ̀ mọ́ ọn ni kò sí. Àìsí àwọsánmà ló tún ń fa òtútù ìdájí: ooru tí ilẹ̀ bá tú jáde lóru ń lọ, kò sí àwọsánmà tó máa dá a padà.

Síbẹ̀, ọjọ́ mìíràn wà tí kùrukùru omi gan-an máa ń bolẹ̀. Nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, etí òkun ni ọyẹ́ àti atẹ́gùn òkun ti sábà máa ń pàdé, ṣùgbọ́n ojú ibẹ̀ kì í dúró sójú kan. Bí atẹ́gùn òkun bá borí fún ọjọ́ mélòó kan, ọ̀rinrin á dé ọ̀dọ̀ wa, ilẹ̀ tó tutù lóru á sì sọ ọ́ di àwọsánmà tó jókòó sílẹ̀. Kùrukùru la ń pe ti eruku àti ti omi, ìyẹn ló ń da ọ̀rọ̀ rú. Ẹ̀yin awakọ̀ ọ̀nà Ọ̀yọ́, ẹ fi ìka nu gíláàsì ọkọ̀ yín láàárọ̀ kí ẹ tó jáde. Tó bá tutù, omi ni. Oòrùn máa ń ká a kúrò kí ọ̀sán tó pọ́n. Tó bá jẹ́ lẹ́búlẹ́bú ló dúró sí ìka, ẹ má retí pé yóò ká láìpẹ́. Ẹ tan iná, ẹ rọra wà á.

Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ gbọ́ gbogbo èyí, kò wí nǹkan kan. Nígbà tó di oṣù Èrèlé, mo jí lọ́jọ́ kan, ojú ọ̀run tún ṣú. Mo rí i níbi tó ti ń fi ìka nu gíláàsì ọkọ̀ mi. Ó wo ìka náà, ó fi nu ìró, ó sì lọ kó gbodo rẹ̀ wọlé.