Bí téèpù ṣe ń kú, tórin ń tara ẹ̀ jáde

Nínú àkójọ orin àwọn ará Ìbàdàn, Dauda Epo-Akara ò ní ṣàì sí níbẹ̀, Ayinla Omowura náà á wà, góspẹ́ẹ̀lì á kún un, ṣùgbọ́n ẹ ò sábà lè bá The Disintegration Loops pàdé, àwo orin William Basinski, ará Amẹ́ríkà tó ń fi téèpù ṣe orin. Ẹni tó bá ní in tó sì tàn án ní pálọ̀, ìbéèrè kan náà làwọn ará ilé máa ń bi í: ṣé rédíò yìí ti bàjẹ́ ni? Ìbéèrè gidi ni o, torí nǹkan kan ń bàjẹ́ níbẹ̀ lóòótọ́. Téèpù tí orin wà lára ẹ̀ ló ń ṣí bó ṣe ń yí lọ, ìṣísí yẹn gan-an làwọn èèyàn ń fowó rà.

Ká tó lè mọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, àfi ká kọ́kọ́ wo ohun tí téèpù jẹ́. Ọ̀rá pẹlẹbẹ tó gùn ni, wọ́n wá fi gọ́ọ̀mù lẹ ìyẹ̀fun irin tó ti dógùn-ún mọ́ ojú ẹ̀ kan, ohun tó ń jẹ́ kínú kásẹ́ẹ̀tì ní àwọ̀ búráùn nìyẹn. Fritz Pfleumer ló gbàwé àṣẹ ẹ̀ ní Jámánì lọ́dún 1928, pépà ló kọ́kọ́ lò, ọ̀rá ò tíì wọ̀ ọ́ nígbà yẹn. Hẹ́ẹ̀dì tó ń gba ohùn sílẹ̀, òòfà kékeré tó ń lo iná ni, bí ohùn bá ṣe ń lọ sókè sódò ni iná inú ẹ̀ náà ń ṣe, á wá máa fi agbára òòfà sára ìyẹ̀fun yẹn bí téèpù ṣe ń kọjá níwájú ẹ̀, ibì kan á le, ibì kan á rọ̀, ìyẹ̀fun ọ̀hún ò ní kúrò lójú kan. Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ gbọ́ ọ, téèpù á tún kọjá níwájú hẹ́ẹ̀dì, òòfà tó wà lára ìyẹ̀fun á gbé iná tíntìntín dìde nínú wáyà, ẹ̀rọ á sọ iná yẹn di ńlá, sípíkà á fọhùn. Orin ò níbòmíì tó ń gbé ju ara ìyẹ̀fun yẹn lọ. Bí ìyẹ̀fun bá ti bọ́, tiẹ̀ tán.

Lúùpù, ìyẹn téèpù tó ń yí po tí wọ́n fi ṣe orin yìí, ò le láti ṣe rárá. Wọ́n á fi bíléèdì gé téèpù ní ìdágẹ̀ẹ́rẹ́, wọ́n á lẹ orí ẹ̀ mọ́ ìdí ẹ̀, ó di òrùka, ó ń yí, kò lópin. Lórí ẹ̀rọ ńlá tó ń fa téèpù ní sẹ̀ǹtímítà 19 ní sẹ́kọ́ńdì kan, lúùpù sẹ́kọ́ńdì mẹ́fà á gùn ju mítà kan lọ díẹ̀, tó bá ti gùn ju ojú ẹ̀rọ lọ wọ́n á fi bírò tàbí irin ìdúró máíkì na apá kejì kó má baà lọ́ mọ́ra.

Táwọn èèyàn bá ń sọ ìtàn irú orin yìí, Paris ni wọ́n sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀, ní 1948, lọ́dọ̀ Pierre Schaeffer, òṣìṣẹ́ rédíò ará Faransé. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Halim El-Dabh, ará Íjíbítì, ti gbé ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sórí wáyà dání ní Cairo ní 1944, ó gba ohùn àwọn obìnrin tó ń ṣe zaar, ètùtù tí wọ́n fi ń tu ẹ̀mí àìrí lójú, ó gbé e lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò, ó sì tún ohùn náà ṣe títí tó fi di nǹkan míì. Áfíríkà ni o, ọdún mẹ́rin ṣáájú Paris. Lẹ́yìn wọn ni Steve Reich, olórin ará Amẹ́ríkà, 1965, tó tan lúùpù kan náà lórí ẹ̀rọ méjì, tí eré wọn ò sì dọ́gba délẹ̀délẹ̀, ni wọ́n bá ń fi díẹ̀díẹ̀ ya ara wọn sílẹ̀. Brian Eno náà, olórin ará Ìlú Ọba, ní 1978, to àwọn lúùpù tí gígùn wọn ò bára mu jọ, ohùn kan ń padà wá ní sẹ́kọ́ńdì mẹ́tàlélógún ààbọ̀, èkejì bíi mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ẹ̀kẹta bí ọgbọ̀n, ó máa pẹ́ gan-an kí wọ́n tó tún pàdé bí wọ́n ṣe pàdé níbẹ̀rẹ̀.

Ti Basinski yàtọ̀. Àsọtúnsọ fúnra ẹ̀ ò yẹ kó ṣàjèjì sí wa, gúdúgúdú ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìyá ìlù ló ń dárà lé e lórí. Níbí kò síyàá ìlù. Gúdúgúdú nìkan ló wà, awọ ẹ̀ ló ń ya lọ bí wọ́n ṣe ń lù ú.

1982 ló ti gba àwọn lúùpù yẹn, orin wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ látorí rédíò ló pọ̀ nínú ẹ̀. Ní 2001, ní New York, ló kó wọn jáde pé kóun sọ wọ́n di díjítà kí wọ́n tó bàjẹ́, àṣé wọ́n ti bàjẹ́, ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn ìyẹ̀fun dà sílẹ̀ níwájú hẹ́ẹ̀dì. Kò pa á. Ẹ̀rọ kan ń tàn án, èkejì ń gbà á sílẹ̀, ó lé ní wákàtí kan kó tó tán. Apá àkọ́kọ́ álúbọ́ọ̀mù náà nìyẹn, ìṣẹ́jú 63 àti díẹ̀, mẹ́rin sì ni gbogbo ẹ̀, wọ́n jáde láàárín 2002 sí 2003.

Ohun tó dùn jù níbẹ̀ ni bí ohùn ṣe ń lọ níkọ̀ọ̀kan, kì í ṣàdédé lọ. Ohùn ìsàlẹ̀ tó ń gbọ̀n nígbà 100 ní sẹ́kọ́ńdì kan, ìgbì ẹ̀ kan ṣoṣo á gba nǹkan bíi mìlímítà méjì lórí téèpù tó ń sáré 19 yẹn. Ohùn òkè tó ń gbọ̀n nígbà 10,000, ìgbì tiẹ̀ ò ju ìdá kan nínú àádọ́ta mìlímítà lọ. Èyí já sí pé ìyẹ̀fun tójú ò lè rí tó bá bọ́, á gbé odidi ìgbì ohùn òkè mì, ohùn ìsàlẹ̀ ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Èyí tó bọ́ yẹn náà á lọ kó jọ síwájú hẹ́ẹ̀dì, á ti téèpù sẹ́yìn fín-ín, ohùn òkè náà ni ìyẹn tún máa kọ́kọ́ pa. Nítorí náà orin á kọ́kọ́ máa ki, dídán ara ẹ̀ á lọ, lẹ́yìn náà ni ihò á wá ṣí, téèpù á dákẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ níbì kan, ìgbà tó bá tún yí dé ibẹ̀ á tún dákẹ́, á gùn ju tàtẹ̀yìnwá lọ díẹ̀. Etí á ti mọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀, á máa fi kún un fúnra ẹ̀. Nígbà tó bá fi máa parí, ìró kúkúrú kan ló kù, tó ń yọjú tó ń wọlé.

Ẹni tó bá ti fi òwú àti sípíríìtì nu hẹ́ẹ̀dì téèpù rí mọ ìdọ̀tí búráùn tó máa ń bá òwú jáde. Ara orin ni. Ní Ìbàdàn, ooru àti ọ̀rinrin ìgbà òjò ń bá gọ́ọ̀mù yẹn jà, torí ó máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mu, èbu funfun á sì hù sára téèpù tí wọ́n bá tì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ká má tíì sọ ti eruku ọyẹ́.

Ní ti bẹ́ ẹ ṣe máa ní in nílé, apá àkọ́kọ́ yẹn nìkan, tó bá jẹ́ bó ṣe wà lórí síídì, ó tó 670 MB, MP3 tó dáa jù á jẹ́ nǹkan bíi 150, dátà lẹ máa fi ṣírò. MP3 máa ń yọ ohun tó rò pé etí ò ní gbọ́ kúrò, bẹ́ẹ̀ ariwo ṣáá-ṣáá àti ìfọ́ tín-ín-tìn-ìn-tín ló pọ̀ nínú orin yìí, síídì ló sàn jù tówó bá wà. Ẹ má sì fi sípíkà gbọ́ ọ nígbà tí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò bá ń ké, ìṣẹ́jú ogún tó kẹ́yìn á wọ inú ariwo yẹn lọ pátápátá, íàpíìsì ni kẹ́ ẹ lò.

Bákan náà ni fún kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tó ń bẹ nílé, tó jẹ́ ìkómọ tàbí òde ìgbéyàwó ló wà nínú ẹ̀ tí kò síbòmíì tẹ́ ẹ ti lè rí i: ẹ má kàn tàn án láti fi dán an wò. Ẹ nu hẹ́ẹ̀dì, ẹ so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù, kí láptọ́ọ̀pù ti máa gbà á sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́, torí ìgbà àkọ́kọ́ tó bá yí lè jẹ́ ìgbà tó dáa jù tó ṣẹ́kù fún un.