Ẹran Jó Lóde, Inú Rẹ̀ Ò Jinná: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ẹran Sísun Nílé

Láti bí ọdún mélòó kan báyìí, àsìkò òjò ni Iléyá ń bọ́ sí: ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà ní 2024, ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ní 2025. Ìgbà ooru ló máa ń jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ọmọ wa tó wà ní ìlú òyìnbó, púpọ̀ nínú wọn a sì máa wálé wá wo Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, tó máa ń wáyé ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ ò lè gba àdúgbò kan kọjá láti Ṣàgámù dé Ìjẹ̀bú-Igbó kí ẹ má gbóòórùn ẹran lórí iná. Àwọn ìbéèrè tó máa ń tẹ̀lé òórùn yẹn ni mo kó jọ síbí. Ohun kan ló so ìdáhùn wọn pọ̀: èyí tó ń mú ẹran korò lẹ́nu, òun náà ló ń mú un léwu fún ara. Ẹni tó bá mọ bí ẹran ṣe ń dùn lórí iná ti mọ ìdajì ọ̀nà ìlera.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí ẹran fi máa ń dúdú lóde, tí ẹ̀jẹ̀ á sì wà nínú rẹ̀?

Ìdáhùn: Nítorí pé ahọ́n iná ni wọ́n fi ń sun ún dípò ẹ̀yinná. Kíá ni ooru máa ń mú ojú ẹran, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ló ń wọ inú lọ. Bí iná bá ń jó lala lábẹ́ itan adìẹ, awọ á ti di èédú kí ooru tó dé ìdí eegun.

Ẹ dá iná èédú yín, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ títí ahọ́n iná á fi lọ, tí eérú funfun á bo ojú èédú náà. Ó lè gba nǹkan bí ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ibí yìí gan-an ni sùúrù ti ń tán nílé ọ̀pọ̀ ènìyàn, nítorí àlejò ti jókòó, ebi ti ń pa ọmọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀pà panu ná. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ́ ẹ̀yinná náà sí apá kan àdògán tàbí àgbá tí ẹ ń lò, kí apá kejì ṣófo. Apá tó ṣófo ni ẹran tó nípọn á ti kọ́kọ́ jinná, kí ẹ dé e mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ìdérí ìkòkò ńlá tàbí abọ́ irin kí ooru lè yí i ká. Ìgbà tó bá kù díẹ̀ ni ẹ óò sún un sókè ẹ̀yinná kí ojú rẹ̀ lè pọ́n.

Àwọn Hausa onísúyà ti mọ èyí tipẹ́. Ẹ lọ wo àwọn tó ṣì ń ṣe é bí ti àtijọ́ ní Sábó. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n ń gé ẹran, kí ooru lè tètè là á já, wọ́n á sì gún igi súyà mọ́lẹ̀ yí iná ká. Ẹ̀gbẹ́ iná ni ẹran wà, kò sí lórí rẹ̀. Bí ọ̀rá bá kán, ilẹ̀ ló kán sí. Lójú tèmi, kò sí ọ̀nà sísun ẹran tó gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì dùn mí pé ọ̀pọ̀ ti pa á tì, tí wọ́n ń tẹ́ ẹran sórí wáyà lókè iná gan-an.

Ní ti adìẹ, àṣà ilé wa náà dára: ẹ bọ̀ ọ́ díẹ̀ pẹ̀lú àlùbọ́sà kó tó dé orí iná. Àkókò tó máa lò lórí èédú á dínkù, ọ̀rá rẹ̀ náà á ti dínkù. Ṣùgbọ́n láti inú ìkòkò ni kó ti bọ́ sórí iná tààrà. Adìẹ tí ẹ bọ̀ dé ìdajì, tí ẹ wá fi sílẹ̀ di ọ̀la, ewu ni.

Ìbéèrè: Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ti jinná lóòótọ́?

Ìdáhùn: Àwọ̀ ẹran nìkan kò tó ẹ̀rí. Tẹmọ́mítà oúnjẹ, èyí tó ní abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún bọ ẹran, ni ọ̀nà tó dájú. Adìẹ àti tòlótòló, 74°C níbi tó nípọn jù, kí abẹ́rẹ́ má kan eegun. Ẹran lílọ̀, 71°C. Odindi ègé ẹran màlúù tàbí ti àgbò, 63°C, kí ẹ sì jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kí ẹ tó gé e. Ọ̀pọ̀ wa ń fẹ́ kó jinná jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò burú. Bí kò bá sí tẹmọ́mítà, ẹ fi ọ̀bẹ gún itan adìẹ ní oríkèé: bí omi tó jáde bá ṣì pupa, ẹ dá a padà sórí iná.

Ìbéèrè: Ṣé òótọ́ ni pé ẹran sísun máa ń fa jẹjẹrẹ?

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ náà ní ìdí, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi àbùmọ́ sí i. Nǹkan méjì ló ń ṣẹlẹ̀. Bí ooru bá kọjá 150°C, àwọn èròjà inú iṣan ẹran, ìbáà jẹ́ màlúù, adìẹ tàbí ẹja, á dà pọ̀ di àwọn kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní HCA. Ibi tó bá dúdú kirikiri ni wọ́n ti máa ń pọ̀. Èkejì, ọ̀rá tó bá kán sórí ẹ̀yinná á gbiná, á rú èéfín, èéfín náà á sì gbé kẹ́míkà mìíràn, ìyẹn PAH, wá lẹ̀ mọ́ ẹran. PAH yìí wà nínú èéfín sìgá àti èéfín ọkọ̀ pẹ̀lú. Àwọn ẹranko tí wọ́n fún ní kẹ́míkà méjèèjì nínú ìwádìí ní jẹjẹrẹ, àmọ́ iye tí wọ́n fún wọn pọ̀ fíìfíì ju èyí tí ènìyàn ń bá pàdé nínú oúnjẹ. Ní ti ènìyàn, ìwádìí kò tíì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ gbọn-in.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń da ọ̀pọ̀ láàmú. Ní oṣù Kẹwàá 2015, IARC, ẹ̀ka tó ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, fi ẹran tí iléeṣẹ́ ti fi iyọ̀ àti kẹ́míkà pa lára, bíi sọ́sééjì àti bẹ́kìnì, sí ìsọ̀rí ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Wọ́n fi ẹran pupa, bíi màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́, sí ìsọ̀rí ohun tó ṣeé ṣe gan-an kó máa fà á. Inú ìsọ̀rí kìn-ín-ní yẹn ni sìgá wà, ni àwọn kan bá ń sọ pé sọ́sééjì àti sìgá ò yàtọ̀. Wọ́n ṣì í gbọ́ ni. Bí ẹ̀rí ṣe lágbára tó ni ìsọ̀rí náà ń sọ, kò sọ bí ewu náà ṣe tóbi tó. Síbẹ̀, bí sọ́sééjì àti ẹran àgbò bá jọ wà lórí iná kan náà, ẹran àgbò ni kí ẹ fún ọmọ yín.

Ohun tó wà lọ́wọ́ yín kò le. Ẹ gé ọ̀rá kúrò kí ẹ tó gbé ẹran sórí iná. Ẹ máa yí i léraléra, kó má jókòó sójú kan. Bí ọ̀rá bá kán tí iná sì sọ, ẹ tètè sún ẹran sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibi tó bá jó, ẹ fi ọ̀bẹ ha á dànù, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ibẹ̀ ló dùn jù.

Ìbéèrè: Kí ló yẹ ká fi pa á lára?

Ìdáhùn: Àlùbọ́sà, aáyù, atalẹ̀, ata rodo, omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti òróró díẹ̀. Ìwádìí ti fi hàn pé ẹran tí wọ́n rẹ sínú irú èròjà báyìí, pàápàá èyí tó ní aáyù, àlùbọ́sà àti omi ọsàn nínú, kì í ní HCA tó ti ẹran lásán. Ewé èfìnrín tí wọ́n gún mọ́ ọn máa ń fún un ní òórùn tí kò sí nínú ike èròjà kankan lọ́jà. Inú fíríìjì ni kí ẹ ti rẹ ẹ́, ẹ má gbé e sórí tábìlì. Omi èròjà tí ẹran tútù ti wà nínú rẹ̀, ẹ má dà á sórí ẹran tó ti jinná àfi bí ẹ bá ti hó o dáadáa.

Oyin, ṣúgà àti yájì tó ní kúlíkúlí nínú tètè máa ń jó, tí wọ́n á sì korò. Ìparí ni kí ẹ fi wọ́n sí i. Ẹ sì rántí pé iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú magí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù márùn-ún, bíi ṣíbí ìmutíì kan, àtọbẹ̀ àti ẹran.

Ìbéèrè: Kí ló fà á tí ẹran àgbò Iléyá fi máa ń le bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Torí pé ọjọ́ tí wọ́n pa á ni wọ́n sun ún. Iṣan ẹran tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa máa ń gan, ó sì máa ń pẹ́ kó tó rọ̀ padà. Bí ẹ bá sun ún nígbà tó gan yẹn, ẹ máa jẹ ẹ́ títí eyín á fi ro yín. Ẹ̀dọ̀ ni kí ẹ sun lọ́jọ́ Iléyá gan-an, òun kì í fún ènìyàn ní wàhálà yẹn. Itan, ẹ fi í sínú fíríìjì mọ́jú ó kéré tán. Èyí tí ẹ bá fi pamọ́ dáadáa sínú òtútù di ọjọ́ Ojúde Ọba, ẹ máa rí i pé ó yàtọ̀ lẹ́nu. Tí kò bá sí iná mọ̀nàmọ́ná tó ṣeé gbọ́kàn lé, ẹ bọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà títí yóò fi rọ̀, kí ẹ wá gbé e gba orí ẹ̀yinná. Bí ẹ bá sì fẹ́ gé e, ẹ gé e dábùú iṣan.

Ìbéèrè: Òjò dé. Ṣé a lè gbé àdògán wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ilé ìdáná?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé e wọlé. Èédú tó ń jó máa ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde tí wọ́n ń pè ní kábọ́ọ̀nù mònósáìdì. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, imú ò lè mọ̀ ọ́n. Ipò afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ló máa ń gbà nínú ẹ̀jẹ̀, títí ọpọlọ àti ọkàn á fi ṣaláìní. Orí á kọ́kọ́ fọ́ ènìyàn, òòyì á kọ́ ọ, èébì á máa gbé e, oorun á sì kùn ún. Ẹni tó bá sùn lọ níbẹ̀ lè má jí mọ́. Ẹ má sì rò pé nígbà tí èéfín ò bá sí, ewu ò sí. Ẹ̀yinná tó pọ́n dẹ̀dẹ̀ tí kò rú èéfín rárá ń tú u jáde, èyí tó ti fẹ́ kú pàápàá ń tú u jáde. Fèrèsé kan tí ẹ ṣí kò tó.

Abẹ́ tapólì tí ẹ ta sókè gíga, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbogbo ṣí sílẹ̀, ló yẹ. Bí kò bá sí, ẹ dúró kí òjò dá, tàbí kí ẹ fi sítóòfù sè é. Bí ara ẹnikẹ́ni bá yí padà nídìí iná èédú, ẹ gbé e bọ́ síta síbi afẹ́fẹ́ tútù kíá, kí ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù.

Ìbéèrè: Èédú ò gbiná. Ṣé a lè da kẹrosíìnì sí i?

Ìdáhùn: Òórùn rẹ̀ á wọ inú ẹran, bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá dà á sórí iná tó ti ń jó, ó lè fò mọ́ ènìyàn lójú. Ihá ni kí ẹ wá, ìyẹn èérún ẹyìn tí wọ́n ti fún epo rẹ̀, tó ti gbẹ. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe epo pupa ní Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ tí ẹ ò ti ní rí i. Ó ń gbiná kíá, òun kan náà ni àwọn bàbá wa fi ń ṣe ògùṣọ̀. Ẹ má fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù dá iná, ẹ má sì lo pákó tí wọ́n kùn lọ́dà.

Ìbéèrè: Ẹja ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹja àrọ̀ ò wọ́n wa. Ní Èríwé, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, odidi abúlé ló wà tó jẹ́ kìkì adágún ẹja, láàyè ni ẹ máa rà á. Ẹ fi iyọ̀ fọ ìyọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kúrò, kí ẹ fi ọ̀bẹ ya ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí èròjà lè wọlé. Ẹ jẹ́ kí wáyà gbóná kí ẹ tó fi òróró pa á, kí ẹ má sì yára yí ẹja náà. Bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá jinná, fúnra rẹ̀ ló máa ṣí. Ọ̀rá pọ̀ lára àrọ̀, nítorí náà mo fẹ́ràn kí wọ́n wé e sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ti fi ooru rọ̀. Ewé náà á gba èéfín dúró, omi ara ẹja kò sì ní ṣòfò. Bí ẹran ara rẹ̀ bá funfun tó sì ń ya lára eegun, ó ti jinná.

Ìbéèrè: Ṣé àgbàdo àti bọ̀ọ̀lì náà léwu?

Ìdáhùn: HCA ò sí nínú wọn, ẹran ló ń mú un wá. Ibi tó bá jó nìkan ni kí ẹ ha dànù. Oṣù Kẹfà àti Keje ni àgbàdo tútù pọ̀ jù, ẹ jẹ́ kó gba ìdajì àyè lórí iná, kí tàtàṣé àti àlùbọ́sà gba díẹ̀. Ẹran á dínkù lórí àwo láìsí ìjà.

Ìbéèrè: Ẹran ṣẹ́kù, kí la máa ṣe sí i?

Ìdáhùn: Kó má wà níta ju wákàtí méjì lọ. Lọ́sàn-án tí ooru bá kọjá 32°C, wákàtí kan péré. Àwo tí ẹran tútù ti wà, ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó kó ẹran sísun sínú rẹ̀. Èyí tó bá wọ fíríìjì, ẹ gbé e gbóná dé 74°C kí ẹ tó jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kejì. Bí wọ́n bá sì ti mú iná lọ, ẹ bọ́ eegun rẹ̀ kúrò, kí ẹ dà á sínú ata, kí ẹ sì sè é lóru ọjọ́ náà.