Lẹ́tà tí wọ́n kọ kí ọ̀gá lè kọ̀ ọ́: bí áwọ́ọ̀dù àwọn oníṣẹ́ irin ṣe dìde ní Ọsirélíà

Ká ní ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà kékeré kan ní Melbourne láyé àwọn ọdún 1970, èèyàn méjì péré ló ń bá a ṣiṣẹ́, àwọn méjèèjì ò sì sí nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kankan. Lọ́jọ́ kan lẹ́tà dé. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ irin ló kọ ọ́, wọ́n ní kó máa san owó ọ̀sẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta èyí tó ń san, kó dín wákàtí iṣẹ́ kù, kó fi kún ìsinmi ọdún, kó sì fèsì kí ọjọ́ báyìí tó pé. Ọ̀gá ka lẹ́tà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn wèrè wo nìyí, ó sọ ọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Kò mọ̀ pé nǹkan tí wọ́n fẹ́ kóun ṣe gan-an lòun ṣe yẹn.

Áwọ́ọ̀dù tá à ń sọ níbí kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń gbé lé olórin lọ́wọ́ lórí ìtàgé o. Ìwé àṣẹ ni, bí òfin kékeré fún iṣẹ́ kan: iye tó kéré jù tí fítà (oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń to ẹ̀rọ pọ̀), wẹ́dà tàbí ẹni tó ń gbálẹ̀ ilé ẹ̀rọ lè gbà, wákàtí iṣẹ́, ófátáìmù, ìsinmi, gbogbo ẹ̀. Ọ̀gá lè san jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò gbọ́dọ̀ san dín. Ó tán, ìyẹn kọ́ ló dùn. Èyí tó dùn ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà débẹ̀ fún bí ọgọ́rùn-ún ọdún, torí ó jọ ti ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́, ló bá gba ojú fèrèsé wọlé, nígbà tó yá fèrèsé yẹn wá di ẹnu ọ̀nà gbogbo ilé.

Inú ìwé òfin ilẹ̀ Ọsirélíà fúnra ẹ̀ ni ilẹ̀kùn tí wọ́n tì náà wà. Bí wọ́n ṣe ń ka ìwé náà nígbà yẹn, ìjọba àpapọ̀ ò lè kàn jókòó kó sọ pé iye báyìí ni kí gbogbo wẹ́dà máa gbà. Ohun tí abala 51 gbà fún un ni pé kó wá onílàjà fún ìjà ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ tó bá ti kọjá ààlà ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo. (Àwọn ìpínlẹ̀ ní tiwọn lọ́tọ̀, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.) Wọ́n ṣe òfin ẹ̀ ní 1904, kóòtù bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ onílàjà ni kóòtù yìí o, bí kò bá sí ìjà, kí ló fẹ́ là? Ṣé kí àwọn oníṣẹ́ irin wá máa yan iṣẹ́ lódì ní Sydney àti Adelaide lẹ́ẹ̀kan náà, kí ebi máa pa ọmọ wọn nílé, torí kí kóòtù lè rí ìjà là?

Ibẹ̀ ni lẹ́tà ti wọlé. Ẹgbẹ́ á kọ gbogbo nǹkan tí wọ́n fẹ́ sílẹ̀, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá ní ìpínlẹ̀ méjì mẹ́ta, wọ́n á dá ọjọ́ èsì. Bí ọ̀gá bá ní òun ò gbà, ìjà ti dé. Bó bá dákẹ́, ìjà náà ti dé, torí pé dídákẹ́ ẹ̀, kíkọ̀ ni. Kò sẹ́ni tó la igi mọ́ ẹnikẹ́ni lórí, ẹ̀rọ ò dúró, wọ́n ṣì ń kí ara wọn láàárọ̀, síbẹ̀ lójú òfin ìjà ńlá ti bẹ́ sílẹ̀. Ìjà orí ìwé làwọn ará ibẹ̀ gan-an ń pè é. Ẹgbẹ́ á wá sáré lọ sí kóòtù: à ń jà o, ẹ wá là wá.

Wàhálà kejì tún wà. Lọ́dún 1910, nínú ẹjọ́ àwọn oníṣẹ́ bàtà, kóòtù tó ga jù nílẹ̀ náà ní kò ṣeé ṣe kí onílàjà la ìjà èèyàn mẹ́wàá tán, kó wá ní gbogbo ẹni tó ń ṣe bàtà nílùú lọ̀rọ̀ kàn. Ẹni tó bá jà nìkan ló kàn. Nítorí náà, áwọ́ọ̀dù tí wọ́n ní ó jẹ́ ti gbogbo iṣẹ́ irin, orúkọ èèyàn ló kún ẹ̀yìn ẹ̀, ojú ewé lórí ojú ewé orúkọ iléeṣẹ́, bí ìwé àwọn tó dáwó ìnáwó. Ọ̀gá tó bá wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gá, bí wọ́n bá ti de ẹgbẹ́, wọ́n ti dè é náà nìyẹn. Ẹni tí ò sí níbẹ̀, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù, lẹ́tà tiẹ̀ ń bọ̀, kíkọ̀ tiẹ̀ ń bọ̀, kóòtù á wá fi okùn fà á wọ inú agbo. Àwọn gan-an ló pè é ní okùn, èmi kọ́. Ní 1925 kóòtù tó ga jù yẹn gbà pé ọ̀gá lè wà nínú ìjà yìí bí kò tiẹ̀ ní ọmọ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo lọ́dọ̀, ní 1935 sì rèé, nínú ẹjọ́ àwọn oníṣẹ́ irin gangan, wọ́n gbà pé áwọ́ọ̀dù lè dé orí owó ẹni tí ò sí nínú ẹgbẹ́. Ọgbọ́n wà níbẹ̀, ṣebí bí òṣìṣẹ́ olówó pọ́ọ́kú bá wà lójúlé kejì, ó máa tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ń san dáadáa fún.

Èyí tó máa ń bí èèyàn nínú ni bí wọ́n ṣe ń sọ pé ìwọra ni iye gọbọi tó wà nínú lẹ́tà yẹn. Àwọn tó rò pé àwọn gbọ́n díẹ̀ á ní rárá o, ìnájà ni, bí ìgbà téèyàn pe ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá kó lè gba márùn-ún. Ìnájà kọ́! Ọlọ́jà tó pe ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ń wojú oníbàárà. Ẹgbẹ́ ò wojú ẹnikẹ́ni. Okùn ewúrẹ́ ni ká pè é. Kóòtù ni ewúrẹ́, ìjà ni èèkàn, iye tó wà nínú lẹ́tà ni gígùn okùn. Níbi tí okùn bá dé ló ti lè jẹ koríko, torí ìjà tí wọ́n gbé wá nìkan ló lè là: bí ọ̀gá bá ń san dọ́là 100, tí ẹgbẹ́ béèrè 110, kóòtù ò lè fún wọn ní 111 láéláé, bó wù ú kó ṣe. Lọ́dún àkọ́kọ́ kò burú. Àmọ́ ọjà ń wọ́n sí i, koríko ìdí èèkàn ti tán, ewúrẹ́ na ọrùn títí, okùn ò dé. Ó wá di kí wọ́n tún kọ lẹ́tà sí gbogbo ọ̀gá yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì ní ẹ̀rí pé ó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ta ló fẹ́ máa ṣèyẹn lọ́dọọdún? Ẹ kúkú béèrè 300 lẹ́ẹ̀kan, kí ewúrẹ́ ráyè rìn. Okùn náà ò sì gbọ́dọ̀ gùn jù o, torí ní 1993 kóòtù tó ga jù wo ohun tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba kan ń béèrè, wọ́n ní ó ti pọ̀ kọjá nǹkan téèyàn lè gbà pé wọ́n fẹ́ lóòótọ́.

Bí wọ́n bá ti wọ kóòtù tán, ìṣirò ló kù. Ní 1907 Higgins, adájọ́ kóòtù onílàjà yẹn, wo iléeṣẹ́ ẹ̀rọ ìkórè kan tó ń jẹ́ Sunshine, ó ní ṣílè 7 lójúmọ́ ló tó fún lébìrà tó ní ìyàwó àtọmọ láti gbé bí èèyàn, ó fún fítà ní 10. Ọdún kejì kóòtù tó ga jù fagi lé òfin tí ẹjọ́ yẹn dúró lé (kì í ṣe ti 1904 yẹn o), ṣùgbọ́n ṣílè 7 ò kú. Ṣílè 3 tó wà láàárín ló wá di bàbá ìṣirò: owó oúnjẹ lọ́tọ̀, owó ọgbọ́n ọwọ́ lọ́tọ̀. Nígbà tí adájọ́ Beeby fi máa gbé Metal Trades Award, ìyẹn áwọ́ọ̀dù iṣẹ́ irin, jáde ní 1930, ọ̀rọ̀ fítà ti kúrò ní ti fítà nìkan. Bí tiẹ̀ bá lọ sókè, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ míì náà á ní kí wọ́n fi wọn tàwọn. Àléébù ńlá ibẹ̀ ni pé ọkùnrin ni lébìrà tí Higgins ní lọ́kàn, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni owó oúnjẹ obìnrin fi jẹ́ ìdajì lé díẹ̀.

Ní 1967 wọ́n pa owó oúnjẹ àti owó ọgbọ́n ọwọ́ pọ̀ di ọ̀kan. Nígbà tó di ìparí àwọn ọdún 1980, orúkọ ipò iṣẹ́ inú áwọ́ọ̀dù irin ti lé ní 300, ni wọ́n bá kó gbogbo ẹ̀ sórí àkàbà kan: C14 nísàlẹ̀ pátápátá, fítà ní C10. Wọ́n pe owó C10 ní 100, wọ́n fi wọn gbogbo ìyókù, C14 jẹ́ 78 nínú ẹ̀.

Ní 2006 ni kóòtù tó ga jù gbà pé ìjọba àpapọ̀ lè fi agbára tó ní lórí kọ́ńpìnnì ṣòfin iṣẹ́ tààrà, ilẹ̀kùn ṣí, kò sẹ́ni tó nílò fèrèsé mọ́. Láti January 1, 2010, iṣẹ́ ni áwọ́ọ̀dù ń dárúkọ, kì í ṣe èèyàn. Ìyẹn mọ́gbọ́n dání ju ká máa díbọ́n pé à ń jà lọ, kò sí àníàní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ètò àtijọ́ yẹn ló mú kí ẹgbẹ́ mọ ojúlé gbogbo ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń jó irin. Ẹni tó bá ṣí tiẹ̀ ní Melbourne láàárọ̀ Mọ́ńdè báyìí, kò ní rí lẹ́tà kankan, áwọ́ọ̀dù ti dè é kó tó tan iná àkọ́kọ́, fítà Higgins sì ṣì wà nínú ẹ̀, lórí C10.