Bí Awakọ̀ Tó Mutí Ṣe Ń Díwọ̀n Ara Rẹ̀

Nígbà tí òde ìnáwó bá ń parí lọ, tí kálukú ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀, ọ̀pọ̀ awakọ̀ tó ti mutí kì í ro ti òfin mọ́. Ara wọn ni wọ́n ń bi léèrè. Wọ́n á ka ìgò tí wọ́n mu, wọ́n á wò ó bóyá ẹsẹ̀ wọn dúró nílẹ̀, bóyá ọ̀rọ̀ ṣì já gaara lẹ́nu wọn, wọ́n á sì rántí pé àwọn ti mu jù báyìí lọ rí, tí àwọn sì délé láyọ̀.

Ìgò kíkà kì í fi bẹ́ẹ̀ ran èèyàn lọ́wọ́. Ìgò bíà ńlá ní Nàìjíríà máa ń gba sẹ̀ǹtílítà 60. Bí agbára rẹ̀ bá jẹ́ ìdá 5 nínú 100, mílílítà 30 ògidì ọtí ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ló ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́, nǹkan bíi mílílítà 10 ní wákàtí kan, omi tútù tàbí kọfí kò sì lè mú un yára. Nítorí náà, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní aago 8 alẹ́, tó mu ìgò mẹ́rin kó tó sùn, ṣì lè ní ọtí nínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tó bá ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé ní aago 7 àárọ̀. Ti paraga tilẹ̀ burú jù, nítorí kò sí ohun tí wọ́n kọ sára ife tí èèyàn fi lè mọ bí ọtí inú rẹ̀ ṣe le tó.

Ohun tó léwu jù lọ ni kí èèyàn sọ pé ọtí ti dá lójú òun. Bí ọtí bá ṣe ń gòkè nínú ẹ̀jẹ̀, ara ń gbóná, ẹ̀rín ń pọ̀, ẹni náà sì mọ̀ pé ọtí ń pa òun. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá ń lọ sílẹ̀, tí ìwọ̀n rẹ̀ tún dé ibi tó wà nígbà tó ń gòkè gan-an, yóò rò pé ojú òun ti mọ́lẹ̀ kedere. Edward Mellanby, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, ti ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1919. Ìmọ̀lára pé ọtí ń pa èèyàn ti lọ, àmọ́ ọwọ́ àti ojú kò tíì yá bí ó ṣe yẹ.

Rírìn tààrà kò sì fi nǹkan kan hàn lára ẹni tí ọtí ti mọ́ lára, nítorí ìrìn àti ọ̀rọ̀ sísọ jẹ́ ohun tí ara ti ń ṣe láti kékeré. Ohun tí ọ̀nà ń béèrè ni pé kí ojú rí tírélà tó bàjẹ́ sójú ọ̀nà márosẹ̀ lóru láìní iná, kí ọpọlọ pinnu, kí ẹsẹ̀ sì dé orí bíréèkì. Mọ́tò tó ń sá kìlómítà 80 ní wákàtí kan ń lọ ní mítà 22 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìdajì ìṣẹ́jú àáyá tí ọtí bá fi dá ẹsẹ̀ dúró ti di mítà 11. Àwọn ìrìn àjò àná tí wọ́n fi délé láyọ̀ kò dán èyí wò, bí kò bá sí ohun tó já lù wọ́n lójijì.

Mílígíráàmù ọtí 50 nínú mílílítà 100 ẹ̀jẹ̀ ni òfin fàyè gbà ní Nàìjíríà àti ní Scotland, ó sì jẹ́ 80 ní England. Kò sí ẹni tí ara rẹ̀ lè sọ iye yìí fún un. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fẹ́ èémí sí tàbí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló lè sọ ọ́. Ọpọlọ tí yóò ṣe ìdájọ́ náà gan-an ni ọtí kọ́kọ́ ń bá, ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé àwọn tó ń ṣọ́ra máa ń ti pinnu ẹni tí yóò wakọ̀ kí wọ́n tó ṣí ìgò àkọ́kọ́.