Bí Ọkọ̀ Onígbòkun Ṣe Ń Fọ́ Lórí Àpáta Abẹ́ Omi

Nígbà tí ọkọ̀ oníṣòwò tí ìgbòkun ń gbé rìn bá kọlu àpáta iyùn, ìkọlù àkọ́kọ́ nìkan kì í sábà fọ́ ọ. Ìgbì ni ó ń fọ́ ọ: á gbé e sókè, á tún là á mọ́ àpáta pẹ̀lú gbogbo ìwúwo ẹrù àti ìbọn àgbá inú rẹ̀, títí igi gbọọrọ tó wà nídìí ọkọ̀, èyí tí gbogbo igi yòókù dúró lé, yóò fi kán.

Àìmọ ibi tí ọkọ̀ wà gan-an ló sábà ń fa irú ìjàǹbá yìí. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, àwọn ọkọ̀ Nẹ́dálándì tó ń lọ sí erékùṣù Jáfà a máa jẹ́ kí afẹ́fẹ́ líle ìhà gúúsù gbé wọn lọ sí ìlà-oòrùn, kí wọ́n tó yà sí àríwá. Oòrùn ń jẹ́ kí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe jìnnà tó sí agbedeméjì ayé, ṣùgbọ́n àfojúdá ni wọ́n fi ń mọ bí wọ́n ṣe rìn tó sí ìlà-oòrùn, nítorí aago tí kì í ṣìnà lójú òkun kò tíì sí nígbà náà. Ẹni tó bá pẹ́ kó tó yà, àpáta Houtman Abrolhos, ní ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà, ni yóò bá pàdé. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún ọkọ̀ Batavia ní òru ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà, ọdún 1629: wọ́n rí ohun funfun níwájú, wọ́n sì pè é ní ìmọ́lẹ̀ òṣùpá, àṣé ìgbì tó ń hó lórí àpáta ni. Òjé tí a ń so mọ́ okùn láti fi wọn ibú omi kì í sì í ranni lọ́wọ́ púpọ̀ níbẹ̀, nítorí àpáta iyùn lè yọ láti inú ibú bí ògiri.

Bí ọkọ̀ bá há nígbà tí omi fà, ìrètí ṣì wà pé omi tó ń kún bọ̀ yóò gbé e kúrò. Bí ó bá jẹ́ nígbà tí omi kún tán ni, ṣe ni omi yóò fà sẹ́yìn tí yóò fi í sílẹ̀ lórí àpáta. Àwọn atukọ̀ a máa da ìbọn àgbá sómi kí ọkọ̀ lè fúyẹ́, wọn a sì gé òpó ìgbòkun, tí ìgbì ń mì síwá sẹ́yìn bí ẹni fẹ́ fa igi tu. Wọ́n gé òpó ńlá ti Batavia, ṣùgbọ́n orí ọkọ̀ náà ló wó lé, wọn kò sì rí i tì sómi.

Lẹ́yìn náà, kòkòrò inú òkun a jẹ gbogbo igi tó wà níta. Èyí tí iyanrìn bá bò ló ń pẹ́: ní ọdún 1963 ni wọ́n rí àwókù Batavia, apá kan ẹ̀yìn ọkọ̀ náà sì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní ìlú Fremantle.