Ayé Kọ́ Ló Ń Ba Ìdí Tòmátì Yín Jẹ́
Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó fi fọ́tò tòmátì tí ìdí ẹ̀ dúdú ránṣẹ́ sí mi, ẹ kọ́kọ́ sọ irú ajílẹ̀ tí ẹ fi sí i. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mẹ́ta ló wọlé sórí WhatsApp mi, láti Ìpájà, Ìkòròdú àti Sùúrùlérè. Èsì kan náà ni mo gbọ́: "Urea ni o, ọ̀gá. Ewé ẹ̀ dúdú minimini!"

Ṣé ewé lẹ fẹ́ kó lọ sí ọjà Mile 12 ni?

Omi tí kò déédéé náà máa ń fà á, ẹ ti mọ ìyẹn. Èyí tí ẹ kò fẹ́ gbọ́ ni pé nitrogen, oúnjẹ ọ̀gbìn tó ń mú ewé dúdú bẹ́ẹ̀, ju oríṣi kan lọ. Ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún urea ni nitrogen lóòótọ́, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di ammonium, oríṣi kan, kí àwọn kòkòrò àìfojúrí tó sọ ọ́ di nitrate, oríṣi kejì. Nínú èèpo àgbọn tuntun tí ẹ kó sínú báàgì, àwọn kòkòrò yẹn ò tíì pọ̀. Ammonium á wá jókòó ti gbòǹgbò, á máa bá calcium, tí kì í jẹ́ kí ìdí èso jẹrà, du ọ̀nà. Ìwọ̀nba calcium tó ráyè wọlé, ewé rẹpẹtẹ yẹn ló ń fà á lọ, torí ewé ló ń mu omi jù. Ìdí èso ló kángun, òun ló ń jẹrà. Ajílẹ̀ calcium nitrate ní tiẹ̀, calcium àti nitrate jọ ń wọlé ni. Ooru ọ̀sán Èkó nínú ilé ọ̀rá tún ń dá kún wàhálà ammonium. Èmi ò kì í pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà kí n tó mọ ohun tí wọ́n fi ń bọ́ ọ̀gbìn.

Màmá ti Sùúrùlérè, orí dẹ́kì ni tiwọn wà. Wọ́n ní obìnrin ilé kejì ló ń wo tòmátì àwọn níwòkuwò. Aṣọ pupa ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní kí wọ́n ra calcium nitrate, wọ́n rà á. Àfi bí wọ́n ṣe pe "dókítà ọ̀gbìn" kan tí mi ò mọ ibi tó ti kọ́ṣẹ́. Ó po calcium nitrate mọ́ ajílẹ̀ míì, magnesium sulphate, nínú kẹ́ẹ̀gì kan ṣoṣo, ó ki gan-an. Kẹ́ẹ̀gì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló yẹ kí wọ́n wà o! Ó funfun, ó silẹ̀ bí ògì, ó dí gbogbo ihò rọ́bà omi pa. Ọjọ́ mẹ́ta ni tòmátì fi gbẹ kí ẹnikẹ́ni tó fura.

Ni Màmá bá pè mí: "Ọmọ mi, ṣó o ti wá gbà báyìí pé obìnrin yẹn ni?"