Pọ́fù-pọ́fù tó kọ̀ tí kò wú: omi ni kẹ́ ẹ bi léèrè

Ọmọ yunifásítì kan wá bá mi nídìí agbada ní Lágéré, nílùú Ifẹ̀, lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gbé ìkòkò kan dání tó fi aṣọ bò. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Láti àárọ̀, kò wú." Mo ṣí i. Fùláwà náà sùn sílẹ̀ pẹrẹsẹ, omi dá sójú ẹ̀, kò sí ihò kan ṣoṣo lára ẹ̀. Mo bi í pé irú omi wo ló fi pò ó. Ó ní, "Omi gbígbóná ni mà. Wọ́n ní omi gbígbóná ni yíìsì fẹ́." Mo ní gbígbóná báwo? Ó ní inú kẹ́tù ló ti dà á, bó ṣe ń hó.

Yíìsì ti kú nìyẹn. Kò dà á nù o. Mo ní kó jẹ́ kó tutù dáadáa, mo po yíìsì mìíràn nínú omi díẹ̀ fún un, mo fi ìkúnwọ́ fùláwà kan tì í lẹ́yìn, a pò wọ́n pọ̀. Nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́, ó pè mí pé ó ti ga dé ẹnu ìkòkò.

Bí nǹkan yìí bá ti bàjẹ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́ nílé, yíìsì ló máa kọ́kọ́ bú. Bí kò bá bú yíìsì, á bú fùláwà, á ní ti àtijọ́ ló dáa. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń ní ọwọ́ àwọn kò dára. Èmi kì í bá wọn jiyàn, mo máa ń béèrè omi ni: báwo ló ṣe gbóná sí, báwo ló ṣe pọ̀ tó, ibo ló gbà nígbà tẹ́ ẹ ń dín in.

Yíìsì kì í ṣe páúdà lásán. Ohun ẹlẹ́mìí ni, ó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i, ṣe ló sùn nínú ọ̀rá tí wọ́n dì í sí. Omi ló ń jí i, ṣúgà ló ń jẹ. Bó ṣe ń jẹ ṣúgà ló ń tú afẹ́fẹ́ jáde, afẹ́fẹ́ tí àwọn onísáyẹ́ǹsì ń pè ní carbon dioxide, ìyẹn ló ń há sínú fùláwà tó ń gbé e dìde. Iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe nínú ẹmu tó fi ń hó. Omi tútù á jí i, àmọ́ á fi ìlọ́ra dìde. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló bá a lára mu, bíi 35 sí 40 lórí ìwọ̀n Celsius. Tó bá fi máa tó 60, ó ti kú, kò sí àjíǹde. Ti kẹ́tù tó ń hó, 100 nìyẹn.

Ẹ kò nílò láti ra ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru. Omi tí a fi ń wẹ ọmọ tuntun ni kẹ́ ẹ fọkàn sí. Ẹ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Bí ẹ bá lè fi í sílẹ̀ síbẹ̀ tí ara kò ta yín, ó ti dáa. Ẹ bu díẹ̀ nínú omi yìí sínú ife, ẹ fi ṣíbí ṣúgà kan sí i, ẹ da yíìsì sí i, kẹ́ ẹ lọ máa ṣe nǹkan mìíràn fún ìṣẹ́jú 10. Bí ìfófó bá bo ojú ẹ̀, ó wà láàyè. Bí kò bá sí ìfófó, yíìsì nìkan lẹ pàdánù, fùláwà yín ṣì wà níbẹ̀. Èmi náà kọ́ èyí lọ́nà líle: ìkómọ kan ní Ìrèmọ, nínú ọyẹ́, omi gbígbóná, aago márùn-ún ìdájí. Búrẹ́dì ni wọ́n pín fún àlejò lọ́jọ́ náà, mo sì dá owó wọn padà.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ bó ṣe máa pọ̀ tó. Ife fùláwà 4, ìyẹn bí ìdajì kílò. Ìdajì ife ṣúgà. Ṣíbí tíì 2 yíìsì. Ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, tí ẹ máa pò mọ́ fùláwà, ẹ má bù ú lé yíìsì lórí. Ẹ rin nọ́tímẹ̀gì díẹ̀ sí i, bí ẹ bá fẹ́ràn ẹ̀. (Èmi máa ń fi ata gbígbẹ díẹ̀ sí tèmi, àwọn ọmọ ilé-ìwé ló kọ́ mi.) Omi rẹ̀ kò ní ju ife 2 lọ, kódà ó máa ń dín díẹ̀. Ẹ da ife kan ààbọ̀ síbẹ̀ ná, títí kan èyí tí yíìsì wà nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ wá máa fi ìyókù kún un díẹ̀díẹ̀, torí pé fùláwà kan máa ń mu omi ju òmíràn lọ.

Bí ẹ bá ti pò ó tán, ẹ fi ọwọ́ bù ú sókè. Ó yẹ kó fà, kó wúwo, kó máa sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìlọ́ra, kó tó já. Bó bá ń ṣàn bí ẹ̀kọ mímu, omi ti pọ̀ jù: tó bá dénú òróró, á tẹ́, á hu ìrù, á hu ẹsẹ̀. Ẹ fi ṣíbí fùláwà kan tàbí méjì kún un. Bó bá le tí ẹ lè fọwọ́ yí i bí òkèlè, búńsì lẹ fẹ́ ṣe nìyẹn, kì í ṣe pọ́fù-pọ́fù.

Fífà yẹn ni àṣírí ẹ̀. Nígbà tí màámi bẹ̀rẹ̀ sí í dín in fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, University of Ife ni ilé-ìwé yẹn ṣì ń jẹ́. Ọdún 1987 ni wọ́n sọ ọ́ ní Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọdún yẹn náà ni ìjọba ológun fòfin de àlìkámà tó ń ti òkè òkun wọlé. Fùláwà wá wọ́n bí ojú. Màámi ní kí láfún ràn án lọ́wọ́, ló bá pò wọ́n pọ̀, ìdajì sí ìdajì. Ìkòkò kan odindi ló ṣòfò. Àlìkámà ní èròjà kan tó ń fà bíi rọ́bà bí omi bá ti kàn án, gluten ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń gba afẹ́fẹ́ yíìsì dúró, bíi fèrè rọ́bà tí àwọn ọmọdé ń fẹ́. Ẹ̀gẹ́ kò ní in. Yíìsì ń tú afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ ń jáde lọ, kò sóhun tó dá a dúró. Nítorí ẹ̀ ni mo fi ń sọ fún yín pé kẹ́ ẹ fi ọwọ́ lu fùláwà náà fún bí ìṣẹ́jú 5. Ẹni tó bá ti gba Òṣù kọjá láti Ifẹ̀ lọ sí Iléṣà, tó ra àkàrà lójú fèrèsé mọ́tò, ti jẹ iṣẹ́ apá rí: àkàrà kò ní yíìsì, lílù tí wọ́n ń lu ẹ̀wà lílọ̀ yẹn ló ń kó afẹ́fẹ́ sí i nínú. Tiwa ní yíìsì, ó ṣì ń fẹ́ apá.

Ẹ bò ó, ẹ gbé e síbi tó móoru. Ẹ má bi mí pé wákàtí mélòó. Nígbà ooru, ìṣẹ́jú 45 ti lè tó. Nínú ọyẹ́, ó lè ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ. Kó ga ní ìlọ́po méjì, kí ihò wẹ́wẹ́ yọ lójú ẹ̀, kó máa gbóòórùn bí ẹmu àárọ̀. Bó bá ti ga títí tó tún wó lulẹ̀, tó kan, ẹ ti fi sílẹ̀ pẹ́ jù, irú èyí ló sì máa ń mu òróró bí ọ̀mùtí.

Tó bá kan òróró, ẹ má ṣahun. Kó jìn tó ìka mẹ́rin, kí pọ́fù-pọ́fù lè léfòó láìfìdí kan ìsàlẹ̀. Ẹ kán fùláwà bín-íntín sí i. Bó bá rì tó dákẹ́ síbẹ̀, kò tíì gbóná. Bó bá léfòó wéré, tó ń hó yí ara ẹ̀ ká láìtíì pọ́n, ó ti yá, bíi 170 sí 180 Celsius nìyẹn. Bó bá pọ́n lójú ẹsẹ̀, ẹ dín iná kù. Ìta á jóná, inú á wà ní tútù. Híhó tí ẹ ń rí yẹn, omi inú fùláwà ló ń di ooru tó ń tú jáde, òun náà ló ń ti òróró sẹ́yìn. Bí òróró kò bá gbóná tó, omi kò ní lágbára láti tì í, òróró á kàn wọlé ni. Bí ẹ bá sì kó o kún agbada lẹ́ẹ̀kan náà, òróró á tutù.

Ẹ fi ọwọ́ bù ú, ẹ di ìkúùkù, ẹ fún un kó yọ láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kó já bọ́ nítòsí òróró, kì í ṣe láti òkè. Èyí tó wú dáadáa fúyẹ́ débi pé ó máa ń yí ara ẹ̀ fúnra ẹ̀, bó bá sì jinná, ẹ óò rí àmùrè funfun tó ró mọ́ ìdí. Àmùrè yẹn ni mo fi ń mọ iṣẹ́ èèyàn.

A máa ń ti ọwọ́ bọ omi kí fùláwà má bàa lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ gbọn omi yẹn nù dáadáa kẹ́ ẹ tó padà sórí òróró. Àpá méjì wà lọ́rùn ọwọ́ mi ọ̀tún tó lè jẹ́rìí. Bí iná bá wá gba òróró lójú pẹ́nrẹ́n, ẹ má da omi sí i láéláé. Omi á rì sábẹ́ òróró, á di ooru lẹ́ẹ̀kan náà, á sì ju iná náà sókè dé àjà. Ẹ pa gáàsì, ẹ fi ọmọrí irin bò ó, ẹ fi sílẹ̀ títí á fi tutù pátápátá.

Inú ajere ni kẹ́ ẹ kó o sí kó lè ro. Ẹ má kó o sínú ọ̀rá nígbà tó ṣì gbóná: á làágùn, á rọ̀ jọ́bọ́jọ́bọ́, tí ilẹ̀ bá sì fi mọ́, á ti máa yọ̀ lọ́wọ́. Bó bá ṣẹ́kù, ẹ tẹ́ ẹ sínú ìkòkò gbígbẹ lórí iná kékeré láàárọ̀, ẹ máa yí i, láìfi òróró kankan sí i, títí ara ẹ̀ á fi tún gan díẹ̀.